Pípọ́n Kọ́ Ni Gbígbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ohun Oko Lẹ́bàá Títì Láìkábàámọ̀

Ẹ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ẹ ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹ dúró lẹ́bàá títì, ẹ ra máńgòrò agbọ̀n kan, iṣu márùn-ún àti agbálùmọ̀ ọ̀rá méjì. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìdajì máńgòrò ti dúdú, agbálùmọ̀ kan débi pé ọmọdé gan-an kọ̀ ọ́, iṣu méjì sì ti ń ṣomi láti orí. Ohun tí a máa ń sọ ni pé àwọn ará ojú ọ̀nà ti rẹ́ wa jẹ. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa tí à ń rà á ni a kò mọ ohun tó yẹ ká wò.

Èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ níbí, bí a bá lè tẹ́tí sí i. Gbígbó yàtọ̀ sí pípọ́n. Èso tó gbó ti jẹun yó lórí igi. Èso tó pọ́n ti pa àwọ̀ dà. Èyí tó gbó tí kò tíì pọ́n, ó lè pọ́n nílé yín. Èyí tó pọ́n láìgbó, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún un mọ́. Ojú la fi ń rí pípọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn wá. Ọwọ́, imú àti ìbéèrè la fi ń mọ gbígbó.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó wọn sínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹ kò ní rí wọn rà níbi àtẹ:

- Owó wẹ́wẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn àgbẹ̀ ń pàtẹ sí, ẹni tó sì ń ta ọsàn kò ní ṣéńjì owó ńlá láàárọ̀.
- Páálí tàbí agbọ̀n méjì tí kò jìn. Inú agbọ̀n tó bá jìn, tòkè ló máa ń tẹ tìsàlẹ̀ fọ́.
- Àpò ìdọ̀họ kan fún iṣu.
- Ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti aṣọ àtijọ́ kan tó fẹ̀.
- Ọ̀bẹ kékeré, omi ìfọwọ́ àti omi mímu.

Ẹ tún ka iye ẹnu tó wà nílé. Ènìyàn mẹ́ta kò lè jẹ agbọ̀n máńgòrò kan tán kó tó bàjẹ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí àsìkò dé

Kì í ṣe pé ẹ mọ̀ pé àsìkò agbálùmọ̀ ti dé nìkan. Ẹ mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti kún, tàbí ó ń parí lọ. Bó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀:

Agbálùmọ̀ máa ń jáde láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin. Kajú, láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Máńgòrò, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló sì ń kún jù. Àgbàdo tútù tí wọ́n gbìn sí àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé ọjà láti ìparí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ. Ti òjò kejì máa ń dé ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Píà àti àsálà, inú òjò ni tiwọn. Iṣu tuntun bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù keje. Ọsàn máa ń kún láti oṣù kẹwàá títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ kò ní àkókò tí ẹ kò ní rí wọn, iye owó wọn ló ń lọ sókè sódò.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe: àkọ́jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé máńgòrò dé ojú títì ló ń rí owó gọbọi, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró kó gbó. Agbálùmọ̀ tí ẹ rí ṣáájú ọdún Kérésì, èyí tí wọ́n fi ọ̀pá gbọ̀n sílẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni sùúrù tí ẹ nílò: owó á wálẹ̀, adùn á pọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá bí aláboyún bá wà nínú ọkọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ ka àtẹ. Bí àtẹ mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá kó ohun kan náà jọ bí òkìtì, àsìkò rẹ̀ ti kún. Bó bá jẹ́ àtẹ kan ṣoṣo ló ní in, tó sì tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan àtẹ tí ẹ máa dúró sí

Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èmi kò bá alágbàtà jà, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko, ẹ wá àgbẹ̀ tàbí ará ilé àgbẹ̀. Àtẹ àgbẹ̀ kì í ní ju ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára iṣu rẹ̀. Ẹyọ rẹ̀ kò dọ́gba: ńlá wà, kékeré wà, wíwọ́ wà. Ibi tí ẹ bá ti rí ápù, èso àjàrà, ọsàn àti iṣu lórí tábìlì kan náà, tí gbogbo wọn ń dán, láti ọjà ńlá ni wọ́n ti kó o wá síbẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i ní owó oko.

Àárọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó gun orí àtẹ. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo tí wọ́n já lówùúrọ̀ tó sì ti jókòó sínú oòrùn di agogo mẹ́ta ọ̀sán ti pàdánù púpọ̀ nínú adùn rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì: ẹ má ṣe dúró níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ yín wà lórí títì. Ẹ wakọ̀ kọjá àtẹ náà, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má dúró rárá. Kò sí máńgòrò tó tó ẹ̀mí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ béèrè pé, “Ọjọ́ wo lẹ wa iṣu yìí, màmá?” Ará oko á dá yín lóhùn pẹ̀lú ọjọ́: “Ìjẹta ni, ọkọ mi ló wà á.” Ẹni tí kò mọ̀ á sọ fún yín pé, “Ó tútù, ó tútù.” Ìdáhùn yẹn nìkan ti tó yín í gbọ́n.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè iye

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ti ìlú ńlá bọ̀ máa ń yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ pé, “Èló nìyí?” Iye tí wọ́n á pè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, iye ará ìlú ńlá ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o, màmá. Ajé á wọ igbá o.” Wọ́n á ní, “Àṣẹ, ọmọ mi. Ẹ kú ìrìn.” Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo ọjà, kí ẹ tó wá béèrè owó.

Ẹ má ná ohun tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí iye, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjà ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n ṣà á?” Bí wọ́n bá gbà, owó rẹ̀ lè fi díẹ̀ lé ti èyí tí wọ́n ti pín sílẹ̀. Ẹ san án. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣà kò ní ju mẹ́wàá lọ kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Bí wọn kò bá gbà kí ẹ ṣà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da agbọ̀n náà sórí aṣọ kí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí orí agbọ̀n ni wọ́n ń to ọmọlúàbí sí.

Nípa nínà: ẹ má ṣe ná an títí ojú á fi le. Ẹ gba iye tó bójú mu, kí ẹ wá béèrè èènì. Èènì rọrùn fún àgbẹ̀ ju kó dín owó kù lọ, nítorí ohun oko pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ni kò pọ̀. Ọsàn márùn-ún èènì lè ju iye tí ẹ ì bá fi wákàtí kan jà fún lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti rí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ẹ sì ti gbọ́ iye owó kí ọwọ́ yín tó wọ àpò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ọjà wò, oríṣi kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ

Kí a tó bọ́ sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ń pinnu ohun tí ẹ lè rà ní àìpọ́n. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, píà àti tòmátì máa ń pọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ká wọn, bí wọ́n bá ti gbó. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kajú àti ata kì í fi adùn kún adùn nílé: bí ẹ ṣe rà wọ́n ni wọ́n máa rí, tí wọ́n á fi bàjẹ́.

Iṣu. Òun ni owó ń bá lọ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹ gbé e: iṣu tó dára wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èékánná họ èèpo díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ yẹ kó mọ́. Bí ẹ bá rí àmì pupa rúsúrúsú tàbí ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ fura sí iṣu tí wọ́n fi amọ̀ tàbí eérú kùn lójú kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ nu ún kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Iṣu tuntun ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, àgbẹ̀ máa ń gé iṣu kúrò lára ìdí igi rẹ̀, á sì bo ìdí náà padà kó lè ta ọmọ tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ máa rí ojú gígé lórí iṣu náà. Ojú yẹn gbọ́dọ̀ ti gbẹ, kó le bí èèpo. Bó bá ṣì tutù tàbí tó ń yọ̀, kò ní pẹ́ jẹrà. Ẹ má sì ra iṣu tuntun fún iyán, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sè é jẹ, tàbí kí ẹ fi ṣe àsáró. Bó bá jẹ́ iyán lẹ fẹ́, ẹ dúró de ìgbà ọyẹ́, nígbà tí iṣu ti gbẹ dáadáa. Ẹni tó ń ra ewùrà, fún ọ̀jọ̀jọ̀ àti ìkọ́kọrẹ́ ni. Mo ti rí ẹni tó rà á lójú ọ̀nà fún iyán nítorí pé ó tóbi, ó sì pọ́pọ̀.

Máńgòrò. Ẹ gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wo èjìká rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti so mọ́ igi. Bí èjìká bá ti yọ kún, tó ga ju ibi tí igi rẹ̀ wà lọ, ó ti gbó. Bó bá ṣì dà wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbó, bó pọ́n bí ẹyin ojú akàn pàápàá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí imú. Máńgòrò tó pọ́n fúnra rẹ̀ ń ta sánsán láti ìdí igi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábáídì ló mú mi tẹnu mọ́ ọn. Kẹ́míkà tí àwọn wẹ́dà ń lò yìí ni àwọn kan ń fi sáàárín èso kó lè yára pọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa rẹ̀, nítorí pé àwọn èròjà olóró bíi àséníkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀. Èso tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ́n bákan náà lára gbogbo rẹ̀, kò ní òórùn, inú rẹ̀ á sì le, á funfun lẹ́bàá kóró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ á pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn àmì yìí kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, nítorí náà ọgbọ́n tó dára jù ni kí ẹ ra èyí tó gbó tí kò tíì pọ́n, kí ẹ mú un pọ́n fúnra yín. Mo máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Agbálùmọ̀. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dùn. Èyí tí wọ́n ká, oje rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè bí àtè, ó sì máa ń kan. Ẹ wo ibi tó ti so mọ́ igi: bí oje funfun bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ká a ni. Ẹ mú èyí tó pọ́n dáadáa, tó rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ kò là. Èyí tó bọ́ lè ní ojú ibi tó ti gbá ilẹ̀. Ìyẹn kò burú bí kò bá tíì là tí èèrà kò sì tíì wọ̀ ọ́. Ẹ rà á níwọ̀nba, ẹ padà wá.

Àgbàdo. Ẹ má ṣe bó o. Ó ń dun àwọn tó ń tà á, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, nítorí èyí tí ẹ bó sílẹ̀ á gbẹ. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta èèpo, kí ẹ mọ̀ bóyá wóró rẹ̀ kún dé orí. Irun rẹ̀ yẹ kó ti dúdú lókè, kó sì ṣì tutù nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti bó ọ̀kan sílẹ̀ fún àfihàn, ẹ fi èékánná tẹ wóró kan: omi funfun bí wàrà túmọ̀ sí pé ó dára fún sísè, bó bá ti nípọn, ẹ sun ún. Bí kò bá sí omi rárá, ògì ló kù tí ẹ lè fi ṣe.

Ọsàn. Ẹ má kọ èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Òtútù òru ló ń mú kí èèpo ọsàn pọ́n ní àwọn ilẹ̀ olótùútù. Lọ́dọ̀ wa tí òru kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ọsàn lè dùn bí oyin kí èèpo rẹ̀ má pọ́n. Ẹ gbé e wò: èyí tó wúwo, tí ara rẹ̀ ń dán, ló ní omi.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, imú ni. Ẹ gbọ́ òórùn ìdí rẹ̀. Bí kò bá run nǹkan kan, kò dùn; bó bá ń run bí ẹmu, ó ti kọjá ìwọ̀n.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó gbó, ara rẹ̀ yípo. Èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú bí ọ̀bẹ kò tíì gbó. Ìbẹ́pẹ yẹ kó ti ní ilà pípọ́n kan ó kéré tán lára. Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun lẹ máa rà gbẹ̀yìn, níbi tó súnmọ́ ilé jù. Kí ẹ má sì sá fún ewé tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ tọ́ ọ̀kan wò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ohun rẹ̀ dára kò ní bínú. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ gba owó ẹyọ kan náà, ẹ fún un.

Ìgbésẹ̀ 5: Dídì sínú ọkọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ohun rere ti ń bàjẹ́, tí a ó sì dé ilé láti bú ẹni tó tà á. Inú búùtù máa ń gbóná bí ààrò. Ẹ kó iṣu sísàlẹ̀ nínú àpò ìdọ̀họ, kí ẹ má ju ohunkóhun lù ú. Ojú tí ẹ bá ha lára iṣu lónìí, ibẹ̀ ló máa jẹrà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ to èso sínú páálí ní ìpele kan tàbí méjì, kí ìwé ìròyìn tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ tú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá sílẹ̀. Ooru àti omi tó há sínú ọ̀rá kì í jẹ́ kó dé ilé ní àlàáfíà. Tòmátì, ẹ̀fọ́ àti agbálùmọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ búùtù, ẹ gbé wọn síwájú níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ fi aṣọ bò wọ́n bí oòrùn bá ń wọlé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá dúró ra epo lọ́nà, ẹ ṣí búùtù kí ẹ fọwọ́ kan èso. Bó bá ti gbóná lọ́wọ́, ẹ kó o wá síwájú.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ bá dé ilé

Ẹ tú u lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Ẹ sè tàbí kí ẹ sun àgbàdo kí ẹ tó sùn, nítorí adùn rẹ̀ ń yí padà sí ìyẹ̀fun láti wákàtí tí wọ́n ti yà á. Ẹ má fọ èso tí ẹ kò tíì fẹ́ jẹ. Ẹ to iṣu sórí pákó tàbí igi tó ga sókè díẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn kò dé, kí wọ́n má gorí ara wọn. Bí ó bá hù, ẹ gé èèhù náà, nítorí inú iṣu ló ti ń jẹun.

Máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó tí kò tíì pọ́n: ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ́ inú páálí, ẹ tò ó sí i, kí ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n sáàárín. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èyí tó ti pọ́n ló ń jí àwọn yòókù. Ẹ pa páálí dé wẹ́rẹ́, kó má dí pátápátá, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, ẹ ó máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wà nítòsí ẹ̀fọ́ tàbí èso tí ẹ fẹ́ kó pẹ́. Ọdún kan wà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan, tí píà mẹ́tàlá pọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ilé àwọn aládùúgbò la pín in fún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́jọ́ kejì, ẹ yí iṣu kọ̀ọ̀kan padà kí ẹ tún fọwọ́ tẹ orí rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, ẹ gé ibẹ̀ dànù, ẹ se ìyókù lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá rí i pé ọjà àtẹ kan dára, tí ẹ sì ti gba nọ́ńbà màmá tó tà á, ẹ pè wọ́n, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n tún máa wa iṣu. Nígbà míì tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n á yọ tiyín sílẹ̀.